Ilà Tó Fa Ìpéǹpéjú Mi Wálẹ̀

Lọ bọ́jú rẹ. Mo ní kí o lọ bọ́jú rẹ kí o tó wá jókòó tì mí. Kí ni wọ́n fi fà á fún ọ nílé ìwé, tìróò ni àbí yíǹkì? Wọ́n ní ọjọ́ àṣà ni, kí gbogbo ọmọ múra bí àwọn baba ńlá wọn. Ó dáa. O wọ aṣọ òkè, ó bá ọ mu. O fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, kò burú. Àmọ́ o tún wá fa ìlà dúdú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, o ń rẹ́rìn-ín, o ní kí n wá wo Yorùbá gidi. Ṣíọ̀! Ó rí mi lára. Kì í ṣe ìwọ lo rí mi lára o, ọmọ mi. Nǹkan tó wà lójú rẹ yẹn ni. Omi wà nínú korobá lẹ́yìn ilé, ọṣẹ wà lórí ògiri.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ sún mọ́bí. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń bi mí pé kí ló ṣe awọ abẹ́ ojú mi òsì tó fi pọ́n ju ìyókù lọ, tó rí bí ìgbà tí télọ̀ fi aṣọ mìíràn lẹ ibi tó ya. Ìgbàkígbà tí ẹ bá bi mí, mo máa ń ní kí ẹ lọ ṣeré. Lónìí n óò sọ ọ́, nítorí inú ń bí mi, bí inú bá sì ń bí mi, ọ̀rọ̀ kì í há mi lọ́fun.

Bàbá mi kì í ṣe ọmọ Apòmù. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun àti ìyá rẹ̀ ti wá, nígbà tí òkìkí kàn pé ilẹ̀ ibí gba kòkó. Wọ́n rí ilẹ̀ dá oko sí lọ́nà Ìkòyí, wọ́n kọ́ ilé alámọ̀ sí Apòmù, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí mi sí. Bí mo bá ń rántí ayé ìgbà náà, etí mi ló kọ́kọ́ ń rántí. Ẹ ò lè mọ bí àárọ̀ Apòmù ṣe ń dún. Kò sí jẹnẹrétọ̀ tó ń bú ramúramù. Ìgbálẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, ṣáá, ṣáá, láti agboolé dé agboolé, lẹ́yìn náà odó ìyá mi. Dòdò Ìkirè ni ìyá mi ń ṣe. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n jù, tó ti ń dúdú, tí ẹlòmíràn ì bá kó dànù, òun ni wọ́n ń gún mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n á wá dín in nínú epo títí tó fi dúdú. Wọ́n á gbé e lọ sí ẹ̀bá títì ní Ìkirè, níbi tí ọkọ̀ tó ń lọ sí Ifẹ̀ àti èyí tó ń bọ̀ ti máa ń dúró. Dòdò tí ẹ ń rà nínú ọ̀rá lónìí, adùn rẹ̀ kò tó ti ìgbà yẹn. Àmọ́ n kò ní purọ́ fún yín pé gbogbo ohun ìgbà yẹn ló dùn. Àwọn àgbà tó ń sọ pé ayé àtijọ́ dára, ó dára, bóyá ìpéǹpéjú tiwọn kò ṣí sóde rí ni.

Ìyá tó bí bàbá mi, Ìyá Àgbà là ń pè é. Ẹ máa gbọ́ tí mo ń sọ pé "ó ṣe, ó wí", tí n kò sọ pé "wọ́n ṣe, wọ́n wí". Mo mọ̀ pé àgbà ni. Ẹnu mi ni kò gbà. Gọ̀m̀bọ́ ló wà lójú rẹ̀, ilà ìdílé wọn, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti ẹ̀bá orí sọ̀ kalẹ̀, tó wá tẹ̀ gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá, ọ̀kan lórí èkejì. Ó máa ń fi ìka pa á lára bó bá jókòó, bí ẹni ń fọwọ́ pa ológbò lórí. Gbogbo ọmọ tí ìyá mi bí ṣáájú mi, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n gbé wọn lọ kọlà nígbà tí wọ́n ṣì wà lẹ́yìn. Èmi nìkan ló kù. Ìgbà tí wọ́n ń ká kòkó ni wọ́n bí mi, kò sí ẹni tó ráyè gbé mi lọ. Lẹ́yìn náà ara mi kò yá. Lẹ́yìn náà olóòlà ìdílé wọn kú. Bẹ́ẹ̀ ni ojú mi ṣe dán bọ̀rọ̀ títí mo fi dàgbà tó ẹni tó ń pọnmi lódò.

Nígbà tó wá di ọdún kan tí ọdún Egúngún ku oṣù mélòó kan, tí gbogbo ilé ń múra Ògbómọ̀ṣọ́, Ìyá Àgbà là á mọ́lẹ̀ pé òun kò ní mú ọmọ tí ojú rẹ̀ dán wọ agboolé àwọn.

"Wọ́n á ní níbo la ti rí i he," ló wí. "Bó bá sọnù lọ́jà, ta ni yóò mọ ilé tí wọn ó dá a padà sí?"

Ó ránṣẹ́ sí olóòlà kan ní Ìkirè. Ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Pélé ni olóòlà yìí mọ̀ ọ́n kọ, àti àbàjà. Kò kọ gọ̀m̀bọ́ rí. Ọkùnrin náà kò sì fi pamọ́, ó sọ ọ́ jáde ní ọ̀ọ̀dẹ̀ wa, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ẹ̀bi tirẹ̀ kò tó ìdajì.

"Ìyá, ilà yín yìí, mi ò kọ ọ́ rí o. Ẹ jẹ́ ká fi pélé sí i. Pélé ò ní wàhálà."

"Pélé wo? Ṣé ọmọ Ìkirè ni? Ojú mi rèé. Wò ó, kó o kọ ọ́ síbẹ̀ bó o ṣe rí i. Àbí o ò ríran ni?"

Bí ọkùnrin yìí ṣe jókòó síwájú Ìyá Àgbà nìyẹn, tó ń ṣẹ́ igi ìgbálẹ̀. Ó fi igi kan wọn àyè tó wà láti àgbọ̀n dé ìlà ìsàlẹ̀, ó fi òmíràn wọn láti ìlà kan sí èkejì, títí tó fi dé òkè. Ó to àwọn igi náà sílẹ̀, ó wá kọjú sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Ojú Ìyá Àgbà gbòòrò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fẹ̀ bí àwo ìjẹun. Gbogbo ojú tèmi kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin náà lọ. Ìwọ̀n kan náà ló sì fẹ́ fi kọ méjèèjì! Ẹni tó fi ìwọ̀n agbádá bàbá rán ti ọmọ ìkókó, aṣọ ṣì ṣeé tú. Ojú ńkọ́? Wọ́n ní ká ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é, kó lè rí bó ṣe yẹ kó rí. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ti ń ṣe é, kó lọ jókòó sílé rẹ̀.

Àwọn obìnrin ilé dì mí mú. Ọ̀kan jókòó lé mi lẹ́sẹ̀, èkejì há orí mi sáàárín itan. Òórùn itan obìnrin yẹn, òórùn epo àti òógùn, kò tí ì kúrò nímú mi dòní. Mo gbọ́ bí abẹ ṣe ń dún lára mi, fàà, fàà, bí ẹni ń ya aṣọ. Ìyá mi wà nílé ìdáná, wọ́n ń gún odó. Kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kankan nínú odó náà. Òfìfo ni wọ́n ń gún, kí wọ́n má baà gbọ́ igbe mi. Ìyàwó ilé ni wọ́n, ẹnu wọn kò tó ọ̀rọ̀ ilà.

Nígbà tí olóòlà dé òkè pátápátá lápá òsì, ó dáwọ́ dúró. "Ìyá, èyí tó kàn yìí ń wọnú ojú lọ o. Ẹ jẹ́ n fi sílẹ̀."

"Bó o bá dín ọ̀kan kù, kì í ṣe ilà wa mọ́," ni Ìyá Àgbà wí. "Kọ ọ́!"

Ó kọ ọ́. Ti ọ̀tún, ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀ wá sísàlẹ̀ díẹ̀, Ọlọ́run ló yọ mí. Ti òsì gba ẹ̀bá ìpéǹpéjú kọjá.

Wọ́n da omi ìgbín lé e, wọ́n fi ẹ̀ẹ́dú kùn ún. Mo ń sunkún, Ìyá Àgbà ń pòwe fún mi: "Títa ríro là ń kọlà, bó bá jinná tán a doge." Òwe àwọn àgbà kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń pa á ló ń bà á jẹ́. Ti ọ̀tún jinná. Ti òsì kẹ̀. Ó kẹ̀ títí eṣinṣin fi ń ná ọjà níbẹ̀. Nígbà tó wá san, ojú egbò náà le, ó sì ń sún kì bí awọ ẹran tí wọ́n sá sóòrùn. Bó ti ń sún kì ló ń fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ mi mọ́ra. Díẹ̀díẹ̀, ìpéǹpéjú náà ṣí sóde bí ètè ẹni tó ń yọ ṣùtì. Inú rẹ̀ pupa, ó tutù, ó ń dán. Omi kò dá lójú mi mọ́, ẹkún ni o, ẹ̀rín ni o. Bí mo bá sùn, ìdajì ojú mi á là sílẹ̀, ẹyin ojú á máa wo àjà.

Ọdún Egúngún dé. Wọ́n lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n fi mí sílẹ̀. Ìyá Àgbà ní òun kò lè gbé irú ojú bẹ́ẹ̀ lọ síwájú àwọn ènìyàn òun. Ẹ tún gbọ́ ọ o! Ojú tó ní kí wọ́n kọ nílà torí kó lè gbé e lọ! Ìyá mi nìkan ló dúró tì mí. Wọ́n dín ẹja fún mi, wọ́n bá mi ta ayò, a sì ń gbọ́ ìlù àwọn tó ń ṣọdún tiwọn lápá Ìkirè bí afẹ́fẹ́ bá gbé e wá. Inú mi kò dùn sí ìlù náà.

Wọ́n máa ń ní ohun tó bá ojú ti bá imú. Tèmi bá ọ̀fun pẹ̀lú, nítorí gbogbo ẹ̀gbin tí wọ́n dà sí mi lójú, inú imú ló ń gbà sọ̀ kalẹ̀ sí mi lọ́fun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá kán oògùn sójú lónìí, ẹ ó ní ó korò lẹ́nu yín. Ẹ lọ dúpẹ́. Èmi mọ adùn ìtọ̀ ara mi. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó rò pé awọ ló ń fa ìpéǹpéjú. Gbogbo wọn ní àìsàn ojú ni, gbogbo wọn sì di oníṣègùn ojú. Ọ̀kan ní kí n máa tọ̀ sínú àwo láàárọ̀, ìtọ̀ tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ náà ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Òmíràn ní omi ìgbín, ìgbín tó kú nítorí ojú mi kò kéré. Ewé rinrin nìkan ni kò ta mí púpọ̀, ó tiẹ̀ tutù díẹ̀, n kò ní bá a wí. Àwọn yòókù, ẹ má jẹ́ n sọ ọ́ tán, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni.

Ti Ìyá Múfú ni n óò sọ. Aládùúgbò wa ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó sì máa ń wá bá ìyá mi gún ata dòdò. Ẹnì kan ló sọ pé kò sí oògùn ojú tó tó wàrà ọyàn, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tààrà láti orí ọmú sínú ojú. Ìyá Múfú ṣàánú mi. Ó fi odó sílẹ̀, ó nu ọwọ́ lára ìró, ó fa ọyàn yọ, ó fi ọwọ́ ata tẹ̀ ẹ́ sí mi lójú. Ariwo tí mo pa lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ lọ́jà. Ọmọ rẹ̀ ṣe bí ti òun ló kàn, ó fẹnu mú ọmú, òun náà figbe ta. Ìyá Múfú ń fẹ́ atẹ́gùn sí àyà ara rẹ̀, ó ń pariwo pé, "Yéè, mo gbé! Ata ni! Ata ni!" Gbogbo agboolé rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín ká ní ojú ẹlòmíràn ni.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tó ti dùn mí jù. Ṣáájú ìgbà yẹn, èmi ni mo máa ń bá ìyá mi gbé àwo dòdò lọ síbi fèrèsé ọkọ̀. Mo yára, mo lẹ́nu, àwọn awakọ̀ mọ̀ mí. Nígbà tí ojú mi wá rí báyìí, ó di àsìkò ọyẹ́, eruku títì bo gbogbo nǹkan, mo sì gbé àwo lọ bá ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró. Awakọ̀ na ọwọ́, ó fẹ́ mú dòdò, ló bá wo ojú mi. Ó fa ọwọ́ padà bí ẹni tó rí ejò.

"Túù! Ìyá oní-dòdò, ẹ̀yin náà ni? Irú ọmọ wo lẹ ń fi oúnjẹ rán? Ojú ẹ̀ ń ro sínú ọjà!"

Kò ro sínú ọjà. Mo ti nù ún. Àmọ́ àwọn èrò ọkọ̀ ti gbọ́. Obìnrin kan tó ti jẹ tirẹ̀ kù díẹ̀ tutọ́, ó ju èyí tó kù sí gọ́tà. Kò sí ẹni tó rà nínú ọkọ̀ náà mọ́. Ìyá mi gba àwo lórí mi, wọ́n fà mí lọ sẹ́yìn àtíbàbà, wọ́n ní kí n jókòó síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn àtíbàbà ni ibùjókòó mi, èmi àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nílé, ìyẹn gan-an ló burú jù. Ìyá Àgbà kò gba omi lọ́wọ́ mi mọ́. Bí mo bá bù ú wá, á ní kí n gbé e sílẹ̀, á ké sí ọmọ mìíràn pé kó lọ bu òmíràn wá. Òun tó ní "kọ ọ́"! Ó ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń rí i lára. Láyé mi, n kò tí ì rí ẹ̀gbin tó tó ìyẹn. Ipin ojú ṣeé fọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, táyà ọkọ̀ kan jò níwájú àtíbàbà wa. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, ó ń bọ̀ láti ọ̀nà Ifẹ̀, ó ń wá ibi tí yóò ti tọ̀. Bó ti yà sẹ́yìn àtíbàbà ló kò mí lójú. Nọ́ọ̀sì ni, ní ọsibítù ńlá kan ní Ìbàdàn. Ó gbàgbé ìtọ̀ tó fẹ́ tọ̀.

"Ta ló ṣe ọmọ yìí báyìí?"

Ìyá mi sáré wá, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń ṣàlàyé, wọ́n ń ka gbogbo ohun tí a ti dà sí i. Nọ́ọ̀sì náà ń fetí sílẹ̀, ó ń fajú ro díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí wọ́n bu omi wá. Ó fọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, ó wá fi ìka kan ti awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lọ sókè, jẹ́jẹ́. Ìpéǹpéjú mi padà sáyè rẹ̀, ó jókòó.

"Ṣé ẹ rí i? Ojú ò ṣàìsàn. Awọ ni kò tó. Àpá ilà yìí ló ń fà á wálẹ̀. Wọ́n á tú àpá náà, wọ́n á fi awọ mìíràn lẹ̀ ẹ́."

Ìyá mi bú sẹ́kún. Obìnrin náà kò dúró de ẹkún. Ó ní, "Màmá, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹ má da nǹkan kan sí i mọ́, ìtọ̀ o, wàrà o. Omi tẹ́ ẹ sè tó tutù ni kẹ́ ẹ fi nù ún, àkísà tó mọ́. Ẹ má sì nù ún wálẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti ń nù ún wálẹ̀, ẹ̀ ń fà á sí i ni. Ẹ máa nù ún lọ sókè, síhà imú. Ojú tí ò lè padé á gbẹ. Bó bá gbẹ, á fọ́. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kẹ́ ẹ tó mú un wá." Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Nínú ẹkún yẹn ni ìyá mi ti ń béèrè ibi tí ọkọ̀ Ìbàdàn yóò já àwọn sí.

Nígbà tí a délé, ìyá mi kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Àgbà, wọ́n rò ó fún un. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ títí dé ibi àpá tí wọn ó tú.

"Kí wọ́n gé ilà yẹn kúrò? Kí wọ́n pa ilé wa rẹ́ lójú ọmọ?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ojú ọmọ ló ń fọ́ lọ."

"Kí ó fọ́! Ṣé ojú kan ni Ọlọ́run fún un ni? Olójú kan ò rí iṣẹ́ ṣe láyé ni?"

Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ọ. Bàbá mi wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń pọ́n àdá. Kò sọ pé kí a lọ, kò sọ pé kí a má lọ, ó kàn ń pọ́n àdá tó ti mú tipẹ́. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ìgbà yẹn nìyẹn, níwájú ìyá wọn. Ìyá mi dìde lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n sì gbọn yẹ̀rì wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọn kò gún odó. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, ó di ẹ̀bá títì.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa kọjá Aṣéjìrè lọ́nà Ìbàdàn nìyẹn. Mo fi aṣọ bo ojú òsì, mo ń fi ọ̀tún wo igi tó ń sá lọ. Ní ọsibítù, òórùn oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ gbòde kan, ó sì dùn mọ́ mi nínú, nítorí mo mọ̀ pé ibi tó bá ń rùn bẹ́ẹ̀, wọn kò ní da ìtọ̀ sí mi lójú níbẹ̀. Lórí bẹ́ǹṣì, ọmọ kan jókòó tì mí tó ṣubú sínú epo gbígbóná, ìpéǹpéjú tirẹ̀ náà ṣí sóde. A wo ara wa. Kò yọ ṣùtì sí mi, èmi náà kò yọ sí i. Òyìnbó ni dókítà. Ó gbé àgbọ̀n mi sókè, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó wo òsì, kò tutọ́, kò fa ọwọ́ padà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn nìkan.

Wọ́n fún mi lóògùn oorun. Wọ́n la àpá náà, wọ́n tú u títí ìpéǹpéjú mi fi gòkè padà. Wọ́n bó awọ lẹ́yìn etí mi, wọ́n rán an mọ́ àyè tó ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì rán ìpéǹpéjú òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ibẹ̀ má baà mira. Bándéèjì bo ìdajì orí mi. Ó ń ta mí, n kò ní purọ́. Ó ń yún mi, ìyẹn burú ju títa lọ, ìyá mi sì ń di ọwọ́ mi mú kí n má họ ọ́. Ọjọ́ tí wọ́n tú òwú tí wọ́n fi rán an, nọ́ọ̀sì ní kí n la ojú, mo là á. Ó ní kí n pa á dé.

Mo pa á dé. Ó ṣókùnkùn.

Ẹ̀yin ò lè mọ̀ pé òkùnkùn dùn, torí ó ti mọ́ yín lára. Láti ìgbà tí àpá olóòlà ti ṣí ojú òsì mi, n kò fúnra mi pa á dé mọ́. Mo pa á dé, mo là á, mo tún pa á dé. Mo sùn lọ́sàn-án gangan bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tí a padà sí Apòmù, Ìyá Àgbà fà mí lọ síbi ìmọ́lẹ̀, ó fi ìka tọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi òsì, ibi tí ìlà òkè ti pòórá sábẹ́ awọ pípọ́n.

"Ọmọ ta nìyí?" ló bi ìyá mi.

"Tèmi ni, Ìyá," ni ìyá mi wí, wọ́n sì wọlé lọ gún ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ọdún ń gorí ọdún. Mo dàgbà, mo ń ta dòdò tèmi ní ẹ̀bá títì. Ìyá Àgbà di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Ogbó kò mọ ìdílé. Awọ ojú rẹ̀ rọ̀, ó dẹ̀, ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ méjèèjì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì ṣí sóde. Kò sí ẹni tó fi abẹ kàn án o. Ọjọ́ orí ló ṣe é. Ó pupa, ó ń ṣomi, ó ń yọ ipin, àwọn eṣinṣin sì mọ ilé wa. Àwọn ọmọdé ń sá fún un. Àwọn ìyàwó ilé á gbé oúnjẹ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á yíjú sápá kan, wọ́n á yára lọ. Lọ́jọ́ kan mo bá ọ̀kan nínú wọn tó gbé ìtọ̀ ọmọ dání nínú igbá, ó ní òun fẹ́ fi fọ ojú fún Ìyá. Mo gba igbá náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ẹ má rò pé ìfẹ́ ni. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, gbogbo ìtàn lẹ fẹ́ kó parí sí ìdáríjì. N kò dárí jì í. "Kí ó fọ́" tó sọ yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Mo wo ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, èébì gbé mi. Àmọ́ nínú gbogbo ilé yẹn, èmi nìkan ni mo mọ bó ṣe ń rí. Mo se omi, mo jẹ́ kó tutù. Mo wá àkísà funfun tó mọ́, mo fọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, mo lọ jókòó síwájú rẹ̀.

Kò ríran dáadáa mọ́. Ó na ọwọ́, ó táràrà títí ó fi kan ojú mi, ó dé ibi awọ tí wọ́n lẹ̀, ó dúró.

"Ìwọ ni."

"Èmi ni, Ìyá."

"Gbogbo wọn ni mo ń rí lára," ló wí. "Wọ́n rò pé mi ò mọ̀. Ṣé mo rí ìwọ náà lára?"

"Ẹ rí mi lára gan-an, Ìyá," ni mo wí. "Ẹ gbójú sókè."